Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ra àtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀: bí omi dídì bá yí i ká, ẹ má sanwó

Ẹ̀yin olùsìn ẹlẹ́dẹ̀ ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ń ta àtọ̀ akọ ẹlẹ́dẹ̀ òyìnbó lórí WhatsApp, èyí tí a ń fi sí abo kó lè lóyún láìjẹ́ pé akọ gùn ún. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi, ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ mi kan ní agbègbè Ìjẹ̀bú níbí.

Ọkùnrin náà gbé àwòrán akọ pupa kan tó jẹ́ ẹ̀yà òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Duroc síta, ẹran tó ki, tó sì gùn. Akọ kan ṣoṣo tí mo ní ti ń darúgbó, mi ò sì fẹ́ kí ó máa gun àwọn ọmọ rẹ̀, ni mo bá sanwó ìgò 12. Ó fi í lé awakọ̀ lọ́wọ́ ní gáréèjì. Nígbà tí mo ṣí kúlà, omi dídì ni wọ́n tò yí àwọn ìgò náà ká, wọ́n tutù débi pé ọwọ́ ń ro mí. Kò sí ọjọ́ tí wọ́n gba àtọ̀ náà lára ìgò kankan. Mo pè é. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, bó bá ṣe tutù tó ló ṣe ń pẹ́ tó. Oṣù kan ni tiwa ń lò. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ gbé e sí fíríìjì." Mo gbà á gbọ́, torí mo ti gbọ́ pé inú òtútù ni wọ́n ń kó ti màlúù sí.

Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń mú wa. Lóòótọ́, àtọ̀ màlúù tí wọ́n fi omi ìpò, ìyẹn omi tó ń dá àtọ̀ sí, pò dáadáa ń gbé ní ìwọ̀n 4 tàbí 5 lórí tẹ̀mọ́mítà Celsius. Ti ẹlẹ́dẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Awọ fẹ́lẹ́ tó bo sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ìyẹn ohun tíntìntín inú àtọ̀ tó ń mú abo lóyún, kò gba òtútù. Bó bá ti lọ sílẹ̀ ju 15 lọ, awọ yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, sẹ́ẹ̀lì á máa kú, bí ẹ bá sì tún mú un lọ́wọ́ọ́rọ́ lẹ́yìn náà, èyí tó ti kú ò ní jí. 17 ló yẹ kó wà. Ní ilẹ̀ tiwa yìí, inú yàrá gbóná jù fún un, fíríìjì sì tutù jù. Òǹtajà tó mọ iṣẹ́ á kó o sínú kúlà pẹ̀lú ohun tútù tí kò dì, á fi aṣọ ìnura wé e kó má fara kan ìgò, á sì fi tẹ̀mọ́mítà sí i. Oòrùn kò gbọdọ̀ kan ìgò. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló sì yẹ kí ẹ rọra máa yí i po, torí sẹ́ẹ̀lì máa ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀.

Ní ti oṣù kan tó pè yẹn, irọ́ ni. Omi ìpò tí wọ́n ń pè ní BTS, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń dá àtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ sí. Àwọn tó wọ́n jù ú lọ lè tó bí ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀tàn náà ṣe ń ṣiṣẹ́, torí òun ló dùn mí jù. Ẹ ò lè fojú lásán mọ àtọ̀ tó ti kú. Funfun ni òkú, funfun ni alààyè. Bí ẹ bá fi sí abo lónìí, ó di bí ọjọ́ 21 kó tó tún máa wá akọ, kí ẹ tó mọ̀ pé kò gbà. Owó ti dé àpò rẹ̀ nígbà yẹn, á wá ní oúnjẹ yín ni kò dáa, tàbí pé ẹ ò mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ fi í sí i. Bó ṣe sọ fún mi gẹ́lẹ́ nìyẹn. Abo márùn-ún ni mo fi í sí, ìgò méjì-méjì, nígbà tí wọ́n ń dúró gbagidi bí a bá tẹ ẹ̀yìn wọn, èyí tó fi hàn pé wọ́n ń wá akọ. Márààrún ló tún padà wá akọ. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, akọ mi àtijọ́ gun abo méjì míì tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Oúnjẹ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ. Àwọn méjèèjì lóyún.

Mo gbé ìgò méjì tó kù lọ bá dókítà ẹran. Ó mú un lọ́wọ́ọ́rọ́ dé ìwọ̀n 37, ó kán díẹ̀ sórí gíláàsì, ó ní kí n fojú ara mi wo maikirosikóòpù. Kò sí èyí tó ń mira. Mo kọ́kọ́ dá ara mi lẹ́bi, torí fíríìjì mi ni wọ́n wà láti ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi yẹn, tó ti sanwó kí n tó kìlọ̀ fún un, gbé tiẹ̀ lọ síbẹ̀ tààrà láti gáréèjì. Òkú náà ni.

Nítorí náà, ẹ má san gbogbo owó kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Àyẹ̀wò yẹn ò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Èyí tó dára, bí ẹ bá wò ó, nǹkan bíi 70 nínú 100 sẹ́ẹ̀lì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á máa rìn. Ẹni tó bá ní kí ẹ má yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ dá kúlà rẹ̀ padà.

Ẹ tún bi í pé akọ wo ni, oko wo ló wà, ta ni dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀. Kì í ṣe tìtorí ẹ̀yà nìkan. Kòkòrò àìlèfojúrí tó ń fa ibà ẹlẹ́dẹ̀ ti Áfíríkà lè wà nínú àtọ̀ akọ tó ní in, àrùn yẹn kò sì ní oògùn. Ẹ̀yin tí ẹ rí bí ibà yìí ṣe pa ẹran àwọn èèyàn wa ní ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ Òkè-Àró ní 2020 mọ ohun tí mò ń sọ. Àtọ̀ òkú lè jẹ owó oṣù kan. Ibà yìí lè kó gbogbo ẹran inú ọgbà lọ.

Bí ìgò tí kò ní ọjọ́ bá ti wà lọ́wọ́ yín, tó sì jẹ́ pé inú omi dídì ló ti wá, ẹ má fi sí abo kankan. Ẹ ya àwòrán kúlà náà bó ṣe dé, ẹ pa rìsíìtì owó tí ẹ fi ránṣẹ́ mọ́, kí ẹ sì gbé ìgò náà lọ fún dókítà ẹran lónìí.