Ojú kọ̀ǹpútà tó sọ táyà di ẹyin
Ojú kọ̀ǹpútà fífẹ̀ tí mo rà ní Sábó, Ilé-Ifẹ̀, mọ́lẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tàn án, ńṣe ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbogbo ènìyàn inú fọ́tò fẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fun fèrè, tí táyà ọkọ̀ sì rí bí ẹyin. Ẹni tó tà á ní yóò mọ́ mi lójú. Èsì yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Atúnkọ̀ǹpútàṣe kan ló rí i pé àwòrán 1024 × 768 (iye àmì kéékèèké ní fífẹ̀ àti ní gíga), ìwọ̀n 4:3 ayé àtijọ́ (fífẹ̀ mẹ́rin sí gíga mẹ́ta), ni kọ̀ǹpútà mi ṣì ń fi ránṣẹ́ sí ojú tó jẹ́ 16:9, tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ; ìdí nìyẹn tí àwòrán fi ń fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fi dírafà àwòrán tó yẹ (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè darí àwòrán tó ń gbé jáde) sí i, ó yí ìwọ̀n náà sí 1920 × 1080, táyà sì padà rí róbótó. Owó tó gbà kò ga mí lára.