Ìdáríjì tàbí Ilé Ẹjọ́?
Bí wọ́n bá fi àdá ṣá ènìyàn nítòsí Ọjà Ọba ní Òṣogbo, kí ojú ọgbẹ́ tó jinná, àwọn àgbà ẹbí ọ̀daràn yóò ti dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀, wọn a ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ìdáríjì lè tu ọkàn lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi ẹ̀bẹ̀ fipá gbà, ìyà kejì ni. Ilé ẹjọ́ ní tirẹ̀ ń dáàbò bo ẹni tí àdá kò tíì kàn. Àwọn méjèèjì kò tilẹ̀ ta kora: Póòpù John Paul Kejì dárí ji Mehmet Ali Ağca tó yìnbọn lù ú ní 1981, síbẹ̀ ọkùnrin náà wà lẹ́wọ̀n ní Ítálì títí di 2000. Ẹjọ́ ni mo fẹ́ kó ṣáájú. Ìdáríjì, ìgbà tó bá wu ẹni tó farapa ni.