Ínṣọ́ránsì ilé àyágbé mi ní Kàbbà: ṣé owó náà tó bẹ́ẹ̀?

Ó tó o, bí òfò ìjì bá wà nínú àdéhùn rẹ̀. Èyí tó jẹ́ ti iná nìkan, n kò ní gba onílé kankan ní Kàbbà nímọ̀ràn pé kó rà á.

Akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn ayálégbé mi. Mo ní kí bíríkìlà àti káfíńtà bá mi ṣírò iye tí a máa fi tún ilé náà kọ́ láti ìpìlẹ̀; wọ́n ní mílíọ̀nù 20 náírà, láìka ilẹ̀ mọ́ ọn. Iye yẹn ni mo kọ sínú ìwé ínṣọ́ránsì náà. Ohun tí mo ń san lọ́dún kò tó owó ilé yàrá kan.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹrin, ìjì ṣí páànù ẹ̀gbẹ́ kan tigi-tigi, ó gbé e sọ sóko ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé. Mo ya fọ́tò kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan, mo pe iléeṣẹ́ ínṣọ́ránsì lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí wọ́n rán wá láti Lókọ́ja gun àkàsọ̀ fúnra rẹ̀, ó ń wo ojú ìṣó, ó ń fi ọ̀bẹ gún igi wò bóyá ikán ti jẹ ẹ́, torí wọn kì í san owó igi tó ti jẹrà tẹ́lẹ̀.

Wọ́n sanwó, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ìwọ̀nba tí onílé gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ gbé. Àmọ́ wọ́n pẹ́ jù, inú mi ò sì dùn sí i rárá. Ẹrù àwọn ọmọ náà kò sí nínú àdéhùn. Ìwé wọn àti bẹ́ẹ̀dì wọn rin gbindin, ó dùn mí gan-an.

Ẹ má kọ iye kékeré kí owó ọdọọdún lè wálẹ̀ o! Bí ilé mílíọ̀nù 20 bá wà lórí ìwé ní mílíọ̀nù 10, tí òfò mílíọ̀nù 4 ṣẹlẹ̀, mílíọ̀nù 2 ni wọ́n máa san, torí ìdajì iye ilé náà lẹ kọ. Ẹ má sì ra á láwìn: òfin ínṣọ́ránsì ti sọ pé ẹni tí kò tíì sanwó kò ní ààbò.

Ẹni tó nílé ní Lókọ́ja, omíyalé ni kó kọ́kọ́ wá nínú ìwé tirẹ̀. Odò ya wọlé àwọn èèyàn níbẹ̀ ní 2012, ó tún ya ní 2022. Èmi ti san ti ọdún tó ń bọ̀.