Àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo ń gbé lọ sígbó ọdẹ: ó fúyẹ́ o, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù

Bí ẹ bá jẹ́ irú ọdẹ tó máa ń gun orí igi lúgọ láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹ má wulẹ̀ náwó sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Èmi kì í gbé ojú kan. Tí mo bá kúrò ní Iléṣà, tí mo gba ọ̀nà Àkúrẹ́ lọ sí apá Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, oko kòkó ni mo kọ́kọ́ ń wọ̀, màá já sí igbó ṣúúrú, màá tọ etí odò lọ. Ibi tí mo bá ti rí ẹsẹ̀ ẹran, tàbí tí ọ̀yà ti gé koríko tí ojú ibi tó gé ò tíì gbẹ, ibẹ̀ ni mo ń jókòó sí. Bí kò bá sí nǹkan, mo dìde, ó di iwájú. Òṣómàáló ni wọ́n ń pe àwọn baba wa, ṣùgbọ́n ìlóṣòó náà níbi tó mọ. Tó bá pẹ́ díẹ̀, orúnkún á bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́, ẹni tí orúnkún ń dùn kò sì lè dúró jẹ́ẹ́.

Èyí tí mo rà, alumíníọ̀mù ni ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, aṣọ onígun mẹ́ta ni ìjókòó rẹ̀, ó sì ní okùn ìgbékọ́ èjìká. Kò tó kílò kan. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ó lè gbé ẹni tó wọn 100 kílò. Èmi ò tó bẹ́ẹ̀, mi ò sì fi ẹlòmíì dán an wò. ₦18,000 ni mo rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó ọkọ̀ tó gbé e dé Iléṣà lọ́tọ̀.

Fífúyẹ́ kọ́ ló jẹ́ kí n mú un, ẹsẹ̀ mẹ́ta yẹn ni. Ilẹ̀ igbó kì í tẹ́jú: gbòǹgbò níbí, òkúta lọ́hùn-ún, ebè àtijọ́ láàárín. Àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin á máa mì níbẹ̀, torí ẹsẹ̀ kan kò ní kanlẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, bó ti wù kí ilẹ̀ rí, gbogbo rẹ̀ ló ń kanlẹ̀. Àwọn ìyá wa kúkú ti mọ̀: ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n èyí lè da ọdẹ nù o! Tí ẹ bá fara yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ lójijì, sí àárín ẹsẹ̀ méjì, ẹ ti lọ nìyẹn. Ẹsẹ̀ tiyín ni kí ẹ kọ́kọ́ sún kí ẹ tó yíjú.

Ariwo ni àléébù rẹ̀ tó ga jù. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní ìpẹ̀kun oko kòkó kan, mo gbọ́ tí ewé gbígbẹ ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó dá, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó tún dá. Ẹtu ni. Mo fẹ́ yí díẹ̀ kí iná orí mi lè kọjú sí i, ni ìṣó tó so ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ bá dún kọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹtu fọn imú, ó di àwátì.

Ìdè tí a fi ń dì í tí a bá ká a tún burú ju ìyẹn lọ. Irú èyí tó ń lẹ̀ mọ́ra ni: tí ẹ bá ṣí i lóru, ràà! Ẹran tó wà létí odò Òwéna á gbọ́. Kí ni ẹni tó ṣe é rò pé a fẹ́ fi ṣe? Mo gé e dànù, mo fi ọ̀já aṣọ rọ́pò rẹ̀. Ní ti ìṣó, mo gba túùbù ọ̀kadà tó ti bẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà, mo gé e tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi wé gbogbo ibi tí irin ti ń kan irin, mo sì fi gírísì díẹ̀ ra ìṣó náà. Túùbù yẹn bá mi bo dídán irin náà pẹ̀lú. Láti ìgbà náà, ẹnu rẹ̀ ti pa mọ́.

Ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀ tún tín-ín-rín jù fún ìgbà òjò. Létí àkùrọ̀, kó tó pẹ́ tí ẹ jókòó, ẹsẹ̀ kan á ti rì. Sílípáàsì tó ti gbó ni mo gé ní róbótó mẹ́ta tí mo dè mọ́ ọn nídìí. Ẹrẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọn, àmọ́ kì í rì mọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ lè yọ ọ́.

Gíga rẹ̀ tó 40 sẹ̀ǹtímítà, ó sì ga díẹ̀ jù fún mi, torí orí mi ń yọ lókè ewé. Èyí tó bá sì rẹlẹ̀ jù, ìdìde rẹ̀ á di iṣẹ́. Àwọn ará Sweden ní ọ̀kan tó ń jẹ́ Walkstool, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lòun náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣeé fà jáde, ó ṣeé tì wọlé, èèyàn lè jókòó sókè tàbí nísàlẹ̀. Òun ni ǹ bá rà bí owó rẹ̀ bá ká apá mi.

Mo ti lo fóòmù pẹlẹbẹ rí. Kì í dún rárá, irú èyí tí kì í fa omi sì dára. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà lẹ jókòó sí yẹn, ìjàlọ sì mọ ọ̀nà ibẹ̀, ká má tíì dárúkọ ọká tó fẹ́ràn kó máa sùn sínú ewé gbígbẹ. Ìjókòó oníke tó ń tẹ̀ wọnú ara rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń lọ wòran bọ́ọ̀lù. Iyanrìn wọnú rẹ̀ báyìí, kò ní padé mọ́. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọdẹ tó ń ṣí kiri a máa gbé ìgbànú kan tí wọ́n fi ń so ara wọn mọ́ igi, wọ́n á fi ẹsẹ̀ ti ìdúró kékeré kan, wọ́n á máa retí ìgalà níbẹ̀. Ó dára fún wọn. Èmi tí mo fẹ́ kúrò níbẹ̀ láìpẹ́, igi mélòó ni màá gùn lóru?

Bàbá kan nínú àwọn àgbà ọdẹ wa kọ́kọ́ rí i, wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, àga lo gbé wá sígbó? Ṣé ìpàdé ẹbí la fẹ́ ṣe ni?” Àpò kòkó onídọ̀họ tí wọ́n ká lé gbòǹgbò ni tiwọn. Kí n sòótọ́, kò sí àga tí kì í dún tó àpò yẹn, kò sì ná wọn ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò kì í sí níbi tí ọ̀yà ti ń jẹ koríko.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà á lójúkojú, yálà ní ọjà Àtàkúnmọ́sà ni o tàbí ibòmíì, ẹ ṣí i, ẹ gbé e sétí, ẹ mì í. Lẹ́yìn náà kí ẹ jókòó lé e, kí ẹ yí sọ́tùn-ún, kí ẹ yí sósì. Ẹ yẹ òwú igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò dáadáa, torí ibẹ̀ ló ń gbé gbogbo ara. Igun kan lára tèmi ti tú. Ẹni tó ń ṣe bàtà ládùúgbò wa ló fi òwú bàtà rán an fún mi, ìrán tirẹ̀ sì nípọn ju ti ilé iṣẹ́ lọ.