Àwo ńlá lókè òkun: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ fi owó àjọ rìnrìn àjò oúnjẹ

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará ilé.

Àwa mẹ́fà tí a jọ jáde nílé ẹ̀kọ́ girama kan náà ní Kàbà la ti ń dá àjọ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. A ti fẹnu kò pé owó náà kò ní í lọ sórí aṣọ ẹbí. Ìrìn àjò la fẹ́ fi ṣe, oúnjẹ sì ni a ń torí rẹ̀ lọ: a fẹ́ dé ibi tí wọ́n ti ń gbé àwo tí ojú kò rí rí síwájú oníbàárà. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti tàn kálẹ̀, àwọn ará Ìyàrà, Mọ̀pà àti Ìsánlú ń pè mí pé èwo ni kí àwọn náà sanwó fún. Mo ti fi wọ́n wéra dáadáa, torí owó àjọ kì í ṣe owó tí a fi ń dán nǹkan wò.

Gbogbo ẹni tó ń pè mí, bí àwo náà ṣe tóbi tó ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè. Ní tèmi, ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé ta ló ni àwo náà: ṣé ẹnì kan ni, àbí gbogbo ẹgbẹ́? Wọ́n tọ́ wa nílé pé àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ jẹ́ kí n fi òwe yẹn wọn ìlú kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí i pé wọ́n yàtọ̀ síra gidigidi.

Amarillo tàbí Addis Ababa

Àwọn méjì yìí ló jìnnà síra jù lọ, nítorí náà orí wọn ni màá pẹ́ sí.

Amarillo wà ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà. Ilé oúnjẹ tí gbogbo ayé ń tìtorí rẹ̀ lọ síbẹ̀ ni Big Texan Steak Ranch. Wọ́n ṣí i ní ọdún 1960 lẹ́bàá ọ̀nà Route 66, wọ́n sì gbé e lọ sẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ I-40 ní ọdún 1970. Ẹran màlúù sísun tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ áùnsì 72, ìyẹn kílò méjì ó lé díẹ̀, ni wọ́n ń gbé fún èèyàn kan ṣoṣo. Edé, pòtétò, sàláàdì àti búrẹ́dì tún wà pẹ̀lú rẹ̀. Bí o bá jẹ gbogbo rẹ̀ tán láàárín wákàtí kan, ọ̀fẹ́ ni. Bí o kò bá jẹ ẹ́ tán, owó rẹ ti wọlé, torí wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ rẹ kí o tó jókòó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, dọ́là 72 ni wọ́n ń gbà.

Kílò méjì ẹran! Ìkòkò ọbẹ̀ ọdún nílé mi nìyẹn, pẹ̀lú àwọn àlejò.

Ẹ fetí sí òfin wọn dáadáa. Orí pèpéle ni wọ́n máa gbé ọ jókòó sí níwájú gbogbo èrò, aago á máa ka ìṣẹ́jú. O kò gbọdọ̀ dìde. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹran rẹ, ì báà ṣe ọmọ tí o bí. Bí o bá bì, ó ti parí. Ẹ má sì rò pé ara ńlá ni yóò gbà yín. Ní ọdún 2015, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń jẹ́ Molly Schuyler jẹ mẹ́ta irú oúnjẹ yìí láàárín 20 ìṣẹ́jú. Iṣẹ́ tó kọ́ ni. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ láti Kàbà torí pé òun máa ń jẹ iyán púpọ̀ kò tíì mọ ohun tó ń bá a dù.

Ní Addis Ababa, olú ìlú Ethiopia, òdìkejì rẹ̀ lẹ máa bá. Àwo kan ṣoṣo ni wọ́n máa gbé sí àárín ẹgbẹ́, ó fẹ̀ bí atẹ ìpàtẹ ọjà. Ìńjẹ́rà ni wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀, wọ́n fi ọkà kéékèèké tí wọ́n ń pè ní teff ṣe é, ó rọ̀, ó sì kan díẹ̀. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń da ọbẹ̀ sí lóríṣiríṣi. Doro wat, ọbẹ̀ adìẹ tó ní ẹyin sísè nínú, ta bí ọbẹ̀ tiwa. Ọwọ́ ọ̀tún lẹ máa fi gé e. Bí èèyàn bá ṣe pọ̀ tó ni àwo ṣe ń tóbi tó. Wọ́n sì ní àṣà kan tí wọ́n ń pè ní gursha: ẹni tó fẹ́ràn rẹ yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣù òkèlè, yóò fi í sí ọ lẹ́nu. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ìyá ìyá mi ni mo rántí. Bó ṣe máa ń bu òkèlè iyán fún wa nìyẹn nígbà tí a kò tíì mọ ọbẹ̀ bù.

Ohun méjì lẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ààwẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì wọn kì í jẹ ẹran, ẹyin tàbí wàrà ní ọjọ́rú àti ọjọ́ ẹtì, wọ́n sì ń gba ààwẹ̀ nǹkan bí ọjọ́ 55 ṣáájú Àjíǹde. Bí ẹ bá dé nígbà náà, beyaynetu, àwo ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, lẹ máa bá ní ọ̀pọ̀ ibi. Ó dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe pé torí ẹran lẹ ṣe wá, ẹ ó kábàámọ̀. Ìkejì ni kitfo, ẹran lílọ̀ tí wọ́n máa ń jẹ ní tútù. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n sè é, wọn kò ní í bínú.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ má dìde. Wọn yóò yan kọfí lójú yín, wọn yóò sì bù ú lẹ́ẹ̀mẹta: abol, tona, baraka. Ìlú náà ga ju mítà 2,300 lọ sókè ìtẹ́jú òkun, èémí lè kúrú díẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí náà kọfí náà yóò fún yín láyè láti sinmi.

Ní ti ọ̀nà, Addis Ababa ló rọrùn fún wa jù. Láti Kàbà, Òbájànà, Lọ́kọ́jà, Àbújá, bàálù Ethiopian Airlines ń gbéra lọ sí Addis tààrà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa tọrọ físà wọn. Ẹ mú yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, dání, wọ́n máa béèrè rẹ̀. Ní ti Amarillo, ẹni tó bá gba Èkó lọ sí Atlanta yóò tún wọ bàálù lọ sí Dallas, láti ibẹ̀ ni yóò ti wọ òmíràn, tàbí kó wa mọ́tò bí 580 kìlómítà. Físà wọn ló tún wá burú jù: ní oṣù Keje 2025 ni Amẹ́ríkà sọ físà ìbẹ̀wò ọmọ Nàìjíríà di ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, fún oṣù mẹ́ta, òfin náà sì tún ti le sí i lẹ́yìn ìgbà yẹn. Owó físà tí ẹ bá san kì í padà. Ẹ má ṣe san kọ́bọ̀ fún ẹ́jẹ́ǹtì kankan lórí ìrìn àjò Amẹ́ríkà kí físà tó wà lọ́wọ́ yín.

Ìdájọ́ mi ni pé Amarillo wà fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti wà ní Texas, tó sì fẹ́ lọ wo ọmọ náà tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ fi owó àjọ lọ síbẹ̀, nítorí ẹnì kan ni yóò máa jẹun, àwọn ìyókù á kàn máa wòran.

Florence tàbí Istanbul

Ẹran ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ lọ sí Florence ní Ítálì: bistecca alla fiorentina, ẹran màlúù tó nípọn pẹ̀lú egungun rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ débi pé nígbà tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de irú egungun ẹ̀yìn yẹn ní 2001 nítorí àrùn wèrè màlúù, ọ̀fọ̀ ni wọ́n fi ṣe, títí ó fi padà ní 2006. Èèyàn méjì sí mẹ́ta lè pín ọ̀kan jẹ, ìyẹn sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Àmọ́ ibi tí owó ti ń sọnù nìyí. Iye tí ẹ máa rí nínú ìwé oúnjẹ, iye gíráàmù 100 ló máa ń jẹ́ nígbà mìíràn, wọ́n ń pe ìyẹn ní etto. Ẹran tí wọ́n máa gé fún yín sì sábà máa ń ju kílò kan lọ. Nítorí náà, ẹ sọ iye náà di ìlọ́po mẹ́wàá, kí ẹ tó sọ pé ó pọ́ọ́kú. Owó ìjókòó, coperto, tún wà lọ́tọ̀. Kí wọ́n tó sun ún, ẹ ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú yín, ẹ̀tọ́ yín ni.

Wọn kì í sè é jinná. Inú rẹ̀ máa ń pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá ní kí wọ́n sun ún kó gbẹ bí a ṣe fẹ́ ẹ nílé wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò kọ̀. Ẹni tí kò lè jẹ ẹran tútù, kó má ṣe san owó Florence. Físà Schengen, èyí tí ẹ máa fi wọ Ítálì, jẹ́ yúrò 90 fún àgbàlagbà láti oṣù Kẹfà 2024, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní ìbánigbófò ìlera tó tó yúrò 30,000.

Ní Istanbul, òwúrọ̀ ni àwo ńlá. Serpme kahvaltı ni wọ́n ń pè é: wàràkàṣì oríṣiríṣi, ólífì, oyin pẹ̀lú ọ̀rá wàrà tí wọ́n ń pè ní kaymak, ẹyin tí wọ́n fi tòmátì àti ata dín, búrẹ́dì gbígbóná, gbogbo rẹ̀ nínú àwo kéékèèké títí tí ẹ kò fi ní í rí orí tábìlì mọ́. Kì í ṣe oúnjẹ ẹnì kan, èèyàn méjì sókè ni wọ́n sábà ń tẹ́ ẹ fún, iye orí ni wọ́n sì ń gbowó lé. Tíì kò ní òpin. Àwọn mùsùlùmí inú ẹgbẹ́ wa fẹ́ràn ibẹ̀ torí wọn kò ní máa bẹ̀rù ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Bàálù Turkish Airlines ń lọ tààrà láti Àbújá, ṣùgbọ́n ẹ ó gba físà.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti lọ síbẹ̀. Ẹ́jẹ́ǹtì tó ṣètò rẹ̀ fún wa ní Àbújá sọ pé oúnjẹ òwúrọ̀ àti ti alẹ́ wà nínú owó tí a san. A yọ̀. Ìgbà tí a débẹ̀ la rí i pé oúnjẹ hòtẹ́ẹ̀lì ni, ẹyin tó ti tutù àti búrẹ́dì tó ti gbẹ, láràárọ̀. Nígbà tí a fẹ́ jẹ kahvaltı gan-an, owó mìíràn la tún san. A san owó ẹnu méjì fún ikùn kan. Títí di òní, ó ń dùn mí, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ló ta ẹ̀gúsí tó fi san tirẹ̀.

Láàárín àwọn méjèèjì, Istanbul ni.

Tokyo àti Dakar

Tokyo kò ní gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ mi, torí ó jìnnà, owó bàálù rẹ̀ sì wúwo. Ibi tí àwọn olójúkòkòrò ń lọ ni Ramen Jiro, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1968, tó sì wá kó lọ sí àdúgbò Mita lẹ́yìn náà: ìkòkò nuúdù tí ẹ̀fọ́, áyù àti ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ga lórí rẹ̀ bí òkìtì ọ̀gán. Kékeré wọn ju ńlá ibòmíràn lọ. Níbẹ̀, ẹni tó bá ṣẹ́ oúnjẹ kù ni ojú ń tì. Ẹ lè ní kí wọ́n dín nuúdù kù kí wọ́n tó bù ú. Ẹ má fún wọn ní típù, wọn kì í gbà á.

Dakar, olú ìlú Senegal, ni ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ yẹ kó wò. Ọmọ ECOWAS kò nílò físà fún ọjọ́ 90. Ceebu jën, ìrẹsì àti ẹja tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àṣà aráyé ní 2021, inú ọpọ́n ńlá kan ni gbogbo ilé ti ń jẹ ẹ́ lọ́sàn-án. Iwájú rẹ nìkan ni o ti ń bù, onílé ni yóò máa ti ẹja sí iwájú àlejò. Bí ẹ bá lè bá ìdílé kan jẹ ẹ́, ó sàn ju ilé oúnjẹ lọ. Ẹni tó bá gbọ́ Faransé díẹ̀ yóò gbádùn rẹ̀ jù.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ ní kí ẹ́jẹ́ǹtì kọ ọ́ sílẹ̀: oúnjẹ wo, níbo, ìgbà mélòó. Bí ó bá kọ “oúnjẹ wà nínú rẹ̀” lásán, ẹ yọ ọ́ kúrò, kí owó yín dín kù, oúnjẹ hòtẹ́ẹ̀lì kọ́ lẹ ń wá. Ẹ béèrè pé tí wọn kò bá fún yín ní físà, èló ni yóò padà sọ́wọ́ yín, ọjọ́ wo ni yóò sì padà.

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, kó kọ́kọ́ rí dókítà rẹ̀, kó sì gbé oògùn rẹ̀ sínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe nínú ẹrù. Ọjọ́ tí bàálù bá balẹ̀, ẹ jẹ nǹkan fúyẹ́. Oúnjẹ ńlá kan lóòjọ́ tó, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́yìn rẹ̀.

Àwa mẹ́fà ti yan Addis Ababa, ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Àjíǹde tiwọn, nígbà tí ẹran bá ti padà sórí àwo. Ọ̀kan nínú wa tí ọmọ rẹ̀ wà ní Texas ti ní òun yóò yà sí Amarillo lọ́jọ́ kan, lórí owó ara rẹ̀. Àjọ oṣù yìí ni a ó fi gba yẹ́lò káàdì.