Star Analyser 100 lórí quasar 3C 273: ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Gíláàsì kékeré ni Star Analyser 100, ìlà 100 ló wà nínú mìlímítà rẹ̀ kan. Ẹ ó yí i mọ́ ẹnu kámẹ́rà bí ẹ ṣe ń yí fílítà 1.25 inch, yóò sì fa ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ gùn di òṣùmàrè tín-ín-rín. Bí àlàfo 50 mm bá wà láàárín rẹ̀ àti sensor (ojú tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀), tí píksẹ́lì yín jẹ́ 5 µm, píksẹ́lì kan lórí òṣùmàrè náà jẹ́ 1 nm (nánómítà, ìwọ̀n ìgbì ìmọ́lẹ̀).

Bí ẹ bá fẹ́ fi òṣùmàrè yẹn wá bí nǹkan ṣe jìnnà tó, 3C 273 tó wà nínú àgbájọ ìràwọ̀ Virgo ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, òun ló mọ́lẹ̀ jù lójú wa nínú àwọn quasar, ìyẹn àárín gálásì jíjìnnà tó ń tàn gidigidi. Telescope 20 cm ká a. Ẹ kọ́kọ́ ya Zaniah, ìràwọ̀ irú A tó wà nítòsí: ibi tí ìràwọ̀ fúnra rẹ̀ bọ́ sí ni 0 nm, ìlà dúdú H-beta, ọ̀kan nínú àwọn ìlà tí háídírójìn ń fi sínú òṣùmàrè, ni 486.1. Orí òṣùmàrè ni kẹ́ ẹ ti mú kí àwòrán hàn ketekete, torí ibẹ̀ àti ojú ìràwọ̀ kì í hàn dáadáa pọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má fọwọ́ kan gíláàsì náà mọ́. Ẹ wá ya quasar náà ní ìgbà 30, ìṣẹ́jú kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ pa gbogbo rẹ̀ pọ̀.

H-beta quasar náà yóò wà ní nǹkan bí 563 nm. Ẹ yọ 486.1 kúrò, ẹ fi 486.1 pín èyí tó kù: 0.158, ìyẹn redshift, bí ìlà náà ṣe sún síhà pupa tó. Iye tí onímọ̀ ìràwọ̀ Maarten Schmidt rí ní 1963 nìyẹn. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 300,000 km/s (eré ìmọ́lẹ̀), ẹ fi 70 pín in (iye Hubble, bí àgbáyé ṣe ń fẹ̀ sí i, ní km/s fún Mpc kan): nǹkan bí 677 Mpc (mẹgapáséèkì), ìyẹn bílíọ̀nù 2.2 ọdún-ìmọ́lẹ̀. Ìṣirò gbẹ̀rẹ́ ni o; ẹni tó bá fi 67 tàbí 73 pín in kò ní bá yín dọ́gba.

Ọ̀pọ̀ máa ń sáré lé H-alpha, ìlà háídírójìn mìíràn, torí òun ló ń tàn jù. Pàkúté ni! Ní 760 nm ló bọ́ sí, ibẹ̀ gan-an ni ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ayé ti ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì.

Àléébù tó burú jù ni pé kò sí ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń sé ìmọ́lẹ̀ tó kù mọ́ta. Iná ìlú wọlé, atẹ́gùn díẹ̀ sì ti tó láti da ìlà rú. Bí ìràwọ̀ mìíràn bá bọ́ sórí òṣùmàrè yín, ẹ ó rò pé ìlà háídírójìn ni; ẹ yí kámẹ́rà àti gíláàsì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Èkó, 3C 273 fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àárín orí kọjá, ó dára, àfi fún ẹsẹ̀ telescope alt-az (èyí tó ń yí sókè-sódò àti sọ́tùn-ún-sósì): àwòrán yóò máa yí níbẹ̀.

Ẹ má ra Star Analyser nítorí NGC 4151, gálásì kan tó sún mọ́ wa ju 3C 273 lọ. H-alpha tiẹ̀ kò sún ju nǹkan bí 2 nm lọ, píksẹ́lì méjì péré, bẹ́ẹ̀ ìrìn tí gálásì náà ń rìn fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Irú iṣẹ́ yẹn, spectrograph (ẹ̀rọ tó ń tú ìmọ́lẹ̀ sí òṣùmàrè) tó ní ihò tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń ṣe é.