Glover Hall láti Ìkòròdú: eré ọ̀sán àbí talẹ́?

Àwọn èèyàn wa n'Ìkòròdú ṣáà ń bèèrè, tí eré olórin orí ìtàgé bá dé Glover Hall ní Marina, níbi tí Hubert Ogunde, àgbà òṣèré nì, ti kọ́kọ́ gbé eré jáde lọ́dún 1944, ṣé tọ̀sán la máa wò àbí talẹ́? Tọ̀sán, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakòdo, ẹ bọ́ sílẹ̀ ní èbúté CMS ní Marina, ẹ ò ní fojú kan súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 rárá, tí eré bá sì tètè parí ẹ tún lè bá a padà. Talẹ́ ló máa ń dùn jù o (èmi ò lè purọ́), èrò á kún, wọ́n á máa bá àwọn òṣèré gberin, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi kì í ná lóru, mọ́tò tẹ́ ẹ máa háyà sì lè gbówó ju tíkẹ́ẹ̀tì lọ. Tẹ́ ẹ bá mú ọmọdé tàbí màmá àgbà dání, tọ̀sán. Tẹ́ ẹ bá ní mọ̀lẹ́bí tẹ́ ẹ lè sùn sí l'Ékòó, tàbí tẹ́ ẹ pọ̀ tó láti dáwó mọ́tò, ẹ lọ talẹ́.